Samuel Àjàyí Crowther àti Asano: Ilé Olùkọ́ Kan Tí Ó Ń Di Ẹrù

  

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ New Benin dáadáa. Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ á ti ná ọjà ibẹ̀, tàbí kí ó ti wọ ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ugbowo. Ní irú àdúgbò èrò bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń rí olùkọ́ yunifásítì kan tí ó jẹ́ onígbàgbọ́, tí òun àti aya àti ọmọ ń gbé ilé ayálégbé, tí a óò sì kàn gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ó ń lọ. Ó lè jẹ́ yunifásítì mìíràn ló pè é, ó lè jẹ́ òkè òkun, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó fẹ́ gbájú mọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè ẹni tí yóò gba kọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa béèrè iye tí wọn yóò máa san fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí ó pinnu àti ọjọ́ tí ó di ẹrù, kí ni ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀? Ta ni ń tọ́jú ọmọ nígbà tí bàbá lọ gba ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́? Ta ni ń fi ọ̀nà tí kò mọ̀ sùn, tí ó ń fi í jí? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó mú mi yan ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fún ìwé ìròyìn wa.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ta ni kò mọ Crowther. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, pé òun ni ó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, pé òun ni bàbá ìyá Herbert Macaulay. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fò kọjá ni pé tíṣà ni ọkùnrin yìí kí ó tó di àlùfáà, pé ó ní ìyàwó tí òun náà jẹ́ tíṣà, àti pé láti ọdún 1841 títí di òpin ọdún 1844, ilé àwọn méjèèjì wà láàárín iṣẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọn kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a wò. A kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí ohun tí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó, nítorí ẹni tí kò bá mọ ibi tí Àjàyí ti wá kò ní mọ ìdí tí ìrìn-àjò náà fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Òṣóògùn, létí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Afala. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ káàkiri, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣóògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ogun náà ni ó mú bàbá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pín ìyá àti ọmọ fún olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á. Ó gba ọwọ́ ẹni kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí Sàró. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ Freetown. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni.

Ní abúlé Bathurst, lẹ́bàá Freetown, ni wọ́n fi í sí lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ C.M.S. Ìtàn sọ pé oṣù mẹ́fà péré ni ó fi mọ ìwé kà. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé ìlú Òyìnbó fún ìgbà díẹ̀ ní 1826, ó padà ní 1827, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ẹ rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni baba ńlá gbogbo yunifásítì ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tòde òní.

Ibí ni Asano ti wọlé. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣòwò ẹrú ni òun náà. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, nítorí Asano yìí ni Hassana tí a mọ̀. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, ó di Susan Thompson, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì di olùkọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni òun àti Crowther ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹ wo ìgbéyàwó Yorùbá tí kò sí alárinà láti ilé, tí kò sí ìdána láàárín ẹbí méjì, tí kò sí bàbá tí yóò súre fún ọmọ rẹ̀, tí kò sí ìyá ọkọ tí yóò gba ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọ ni ó dúró bí ẹbí fún wọn. Nígbà tí Asano bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, kò sí ìyá ọkọ tí yóò gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀ wẹ̀, tí yóò ki oríkì sí i létí. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí ní gbogbo ayé wọn, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Sàró gbọ́ pé àwọn ní ìyá àgbà níbì kan, ṣùgbọ́n bí ó wà láàyè, bí ó ti kú, bí ẹrú ni ó ń ṣe lọ́wọ́ olówó kan, bàbá wọn kò lè sọ fún wọn. Mo rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí ilé yìí gbà láti padà sí ibi tí wọ́n ti tà wọ́n, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ń jẹ. Crowther ṣe olùkọ́ ní abúlé Regent, ó lọ sí Wellington ní 1832, nígbà tí ó sì di 1834 wọ́n pè é padà sí Fourah Bay láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní ojú àwọn ará Freetown nígbà náà, kò sí iṣẹ́ tí adúláwọ̀ lè máa ṣe nínú ìjọ tí ó jù èyí lọ púpọ̀. Ó ní ilé, ó ní owó oṣù, ó ní iyì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá jókòó síbẹ̀ títí ó fi darúgbó, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ ẹrú Òṣóògùn kò ṣe ayé rere.

Àwọn Yorùbá ti pọ̀ ní Freetown nígbà náà. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé ẹnu wọn kì í kúrò lórí ẹ kú: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó. Láti 1839 ni díẹ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ padà sílé, tí wọ́n ń gba Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti ń gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn méjì ni ń padà dé Freetown. Ọ̀kan sọ pé ẹni báyìí ti rí ìyá rẹ̀. Èkejì sọ pé wọ́n ti ja ẹni báyìí lólè ní Èkó, wọ́n gba ẹrù rẹ̀ pátá. Òwò ẹrú ṣì ń lọ ní pẹrẹwu ní etíkun wa nígbà yẹn, ogun kò sì tíì tán nínú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má tún un tà, tòun tọmọ rẹ̀.

Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sí odò Ọya ní 1841. Ẹgbẹ́ C.M.S. yan J. F. Schön, òyìnbó tí ó ti kọ́ èdè Hausa, wọ́n sì yan Crowther láti Fourah Bay kí ó bá a lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọ́n kúrò ní Freetown. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí olùkọ́ yìí yóò fi iṣẹ́ kíláàsì sílẹ̀ lọ síbi tí kò dájú pé ó lè padà bọ̀. Asano kù sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ náà burú jọjọ. Àwọn òyìnbó tí ó wà nínú wọn tó bí àádọ́jọ ó dín díẹ̀. Ibà kọlù wọ́n, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dùbúlẹ̀, àwọn bí ogójì sì kú láàárín oṣù mélòó kan. Wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ń gbé ibà kiri. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aláìsàn padà sí òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní Freetown, tí ó bí ọmọ fún ọkọ tí ó wà nínú ìrìn-àjò náà, tí kò sí tẹlifóònù, tí kò sí wáyà, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó bá fara hàn ní èbúté ni ó mú ìròyìn lọ́wọ́. Crowther padà wálé láàyè.

Ikú àwọn òyìnbó wọ̀nyí ni ó yí iṣẹ́ Crowther padà. Schön kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ìhìn rere dé inú ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ Áfíríkà ni kí wọ́n kọ́ kí ó gbé e lọ, àti pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe Crowther wá gba oyè àlùfáà. Ìwé ìrántí tí àwọn méjèèjì kọ nípa ìrìn-àjò náà jáde ní 1842, àwọn aláṣẹ sì rí i nínú rẹ̀ pé tíṣà Fourah Bay yìí mọ nǹkan wò, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ìpè dé. Kò tíì pé ọdún kan tí ó padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ tí ó tún fi ń di ẹrù.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí irú ìpè tí èyí jẹ́. Kì í ṣe ìgbéga lásán. Ẹni tí ó bá di àlùfáà lọ́nà yìí ń gbà pé òun yóò kúrò ní Sàró lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, òun àti ilé rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ ń múra fún Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó ní láti máa múra fún Abẹ́òkúta tí kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé e lọ, Crowther kò jókòó lásán. Ó ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, ó ń wá bí gírámà rẹ̀ ṣe lọ. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 1842, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Islington. Ẹni bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ẹni tí ó ti ń kọ́ni fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá, ó tún wá di akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tí ó padà wá kàwé láàárín wa yóò mọ bí ó ti ń rí. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. John Raban, ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi fún un, ti tẹ ìwé kékeré jáde ṣáájú nípa èdè wa, ṣùgbọ́n ti Crowther ni èyí tí ọmọ onílẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òun ni ó sì fi ẹsẹ̀ orúkọ Yorùbá múlẹ̀ nínú ìwé fún gbogbo èdè tí àwọn Àkú ń sọ, láti Ọ̀yọ́ dé Ẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ wa yìí jẹ ẹ́ ní gbèsè lórí orúkọ tí a ń jẹ́.

Kì í ṣe èdè tí ó fi sílẹ̀ ní Òṣóògùn nígbà èwe nìkan ni ó fi kọ ìwé náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n mú un, bí ọmọdé sì ti gbọ́ èdè tó, kò lè gbọ́ ọ délẹ̀ bí àgbà. Láàárín àwọn Àkú Freetown ni ó ti tún un gbọ́, ní ọjà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu àwọn àgbà tí ó ti ìlú oríṣiríṣi wá. Fourah Bay ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, àdúgbò ni ó ń sọ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ó di àlùfáà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ gbé e dé Freetown. Ó lé ní ọdún kan dáadáa tí kò sí nílé. Ẹni tí ó jáde ní tíṣà wọlé ní Ẹni Ọ̀wọ̀. Gbogbo ìlú jáde wá wò ó, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown. Àwọn tí ó ti ń gbọ́ ìwàásù Gẹ̀ẹ́sì láti ogún ọdún, tí wọ́n ń gbọ́ ọ lápá kan, gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá wọn fi bá wọn wí nígbà èwe. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ wá gbà pé ọ̀rọ̀ lílọ sílé kì í ṣe àlá.

Gbogbo ọdún 1844 jẹ́ ọdún ìmúrasílẹ̀. Ọdún náà ni Asano bí àbíkẹ́yìn wọn, ọmọkùnrin. Dandeson Coates ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a mọ bí orúkọ ti ṣe pàtàkì tó lè máa rẹ́rìn-ín: àwọn òbí ń múra àtipadà sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì fi orúkọ akọ̀wé ọ́fíìsì Òyìnbó sọ ọmọ! Ṣùgbọ́n kí a má yára dá wọn lẹ́jọ́. Ẹni tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ olówó ẹrú, tí ó kọ́ ọ níwèé, tí ó sì ń rán ọ padà sílé, ẹbí ni ó jẹ́ fún ẹni tí kò rí ẹbí mìíràn. Orúkọ náà sì ṣí ọ̀nà fún ọmọ yìí lẹ́yìn ọ̀la, bí a ó ti rí i.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1844, wọ́n wọ ọkọ̀. Henry Townsend àti C. A. Gollmer, òyìnbó méjì tí wọ́n jọ jẹ́ àlùfáà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Crowther wà níbẹ̀, Asano wà níbẹ̀. Obìnrin yìí ti gun ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kan rí ní ayé rẹ̀, ẹrú ni ó sì jẹ́ nígbà náà. Omi kan náà ni ó tún ń là kọjá yìí, tí ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwọn òpìtàn kọ ojú ìwé púpọ̀ nípa ìgboyà Crowther lọ́jọ́ yẹn. Ní tèmi, ìgboyà tirẹ̀ ní ìpè, ó ní oyè, ó ní ìwé tí yóò kọ. Ti Asano kò ní èyíkéyìí nínú wọn, ó sì lọ.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1845 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì bá ìṣòro lẹ́nu ọ̀nà. Ṣódẹkẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n ní Abẹ́òkúta ti jáde láyé. Ọ̀nà dí, ogun wà láàárín, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n máa bọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyàwó Gollmer fi kú. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí etíkun yẹn. Àwọn tí ó bá ti lọ sí Àgbádárìgì á ti rí ilé alájà tí wọ́n fi ń han àlejò, tí wọ́n sọ pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé míṣọ́n ìgbà náà ni. Ilé-ìwé àti ìwàásù ni Crowther ń ṣe kiri, ó ń tú Bíbélì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ fi Fourah Bay sílẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí ni ó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú pé bóyá ìjókòó ni ó sàn. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n wẹ̀yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin àgbà kan wá béèrè ọmọ rẹ̀. Afala ni. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni ó ti pé tí wọ́n ti já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ti tà á, wọ́n ti rà á padà, wọ́n ti tún mú un. Nígbà tí ó gbọ́ pé Àjàyí wà ní Abẹ́òkúta, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n fojú kan ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń bọ́.

Ìtàn yìí ni gbogbo wa mọ̀, ìtàn ìyá àti ọmọ. Mo ní kí ẹ tún wo apá kejì rẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógún tí Asano ti wọ ilé ọkọ nìyí, ọjọ́ yìí ni ó kọ́kọ́ fojú kan ìyá ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ rí ẹni tí wọn yóò máa pè ní ìyá àgbà. Obìnrin tí ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ láìsí ìyá ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá di aya ilé pátápátá nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Àwọn ilé mìíràn a máa pàdánù ẹbí nítorí iṣẹ́ tuntun. Ìyípadà iṣẹ́ ni ilé Crowther fi rí ẹbí tirẹ̀.

Afala kò kọ ilé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hannah, nítorí Hannah ni ìyá Samuel nínú Bíbélì. Ó pẹ́ láyé gidi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kú ní oṣù Kẹwàá 1880. Òun kò kú títí di 1883.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ṣòro láti rí kà, nítorí náà n ó sáré kọjá. Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, Bíbélì odindi ní 1884. Ní 1857, Crowther lọ dá míṣọ́n sílẹ̀ ní Onitsha lórí odò Ọya, láti ìgbà náà ni ilé rẹ̀ sì ti tún di ilé tí bàbá ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run. Èkó ni ó ń gbé, ó ń bá omi lọ sí odò Ọya lọ́dọọdún nígbà tí omi bá kún. Àwọn kan fi èyí bú u nígbà náà pé kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ń gbé láàárín agbo rẹ̀. Ìbáwí náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ kò béèrè ohun tí ó ti ná ilé rẹ̀ ṣáájú.

Àwọn ọmọ náà kò jókòó. Samuel kékeré kọ́ nípa ìṣègùn, ó sì tọ́jú aláìsàn ní Abẹ́òkúta. Susan fẹ́ àlùfáà ní Sàró. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, òun náà ọmọ Fourah Bay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859; àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay ní 1864. Tíṣà bí ọmọ fún tíṣà, tíṣà tún fẹ́ ọmọ náà.

Dandeson ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀, ọmọ ọwọ́ ọdún 1844. Ní 1870, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fi ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ yìí lórí, ó sì fi í joyè nínú iṣẹ́ Ọlọ́run. Islington ni wọ́n ti ṣe é, àdúgbò kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù tí bàbá ti lọ jókòó kàwé ní 1842 nígbà tí ìyá ń tọ́jú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Freetown. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó di áṣídíákónì ní ìsàlẹ̀ odò Ọya. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dìde sí bàbá rẹ̀ ní Onitsha ní 1890, tí wọ́n gba agbára lọ́wọ́ arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Dandeson dúró tì í. Bàbá kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dandeson àti àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ kọ̀ láti wà lábẹ́ àṣẹ C.M.S. mọ́, wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ṣì jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi orúkọ akọ̀wé C.M.S. sọ ni ó sọ fún C.M.S. pé ó tó. Ó sin ìjọ náà títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sì fi ayé sílẹ̀ títí di 1938.